Ọjọ́ Ìbí Ní Abẹ́òkúta: Bí Ẹni Tó Dá Rìn Ṣe Lè Rí Aké, Olúmọ Àti Odò Ògùn Ní Ọjọ́ Kan Ṣoṣo

Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ń lọ ṣe ọjọ́ ìbí wọn ní Abẹ́òkúta, nítorí pé ibẹ̀ ni wọ́n bí òǹkọ̀wé Wọlé Ṣóyínká sí, tí ó sì ti lo ìgbà èwe rẹ̀, kì í dé ju orí àpáta Olúmọ lọ. Wọn á wọ ìlú ní ọ̀sán gangan, wọn á gun àpáta nígbà tí oòrùn ti mú un gbóná bí agbada àkàrà, wọn á ya fọ́tò, wọn á wá oúnjẹ lọ. Kí wọ́n tó jẹun tán, wọ́n ti ń wo aago nítorí ọkọ̀ ìpadàbọ̀. Aké, àdúgbò tí Ṣóyínká dàgbà sí, tí wọ́n torí rẹ̀ wá, ojú fèrèsé ọkọ̀ ni wọ́n ti rí i. Odò Ògùn ńkọ́? Wọ́n gba orí afárá Láfẹ́ńwá kọjá láì mọ̀ pé odò wà lábẹ́ wọn.

Ìrìnàjò méjì ni èmi alára fi ṣòfò báyìí kí n tó mọ ibi tí àṣìṣe náà wà. Ètò ọjọ́ náà ni ó dàrú. Aké ni ó yẹ kí ó ṣíwájú, ní òwúrọ̀, nígbà tí ara ṣì fúyẹ́ tí ìwé sì wà lọ́wọ́. Olúmọ ni ó yẹ kí ó tẹ̀lé e, kí oòrùn tó mú. Odò ni kí a fi ìrọ̀lẹ́ wò. Bí ẹ bá tẹ̀ lé ètò yìí, nígbà tí ẹ bá dé orí àpáta, ẹ ó máa wo òrùlé Aké tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò níbẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ ó sì máa wo odò tí ẹ ń lọ ní ẹ̀gbẹ́ kejì, ìlú náà yóò sì di odindi lójú yín.

Kí a má fi ẹ̀tọ́ Rẹ́mọ du Rẹ́mọ, Ìsarà ni ìlú baba Ṣóyínká. Ṣùgbọ́n Abẹ́òkúta ni wọ́n bí i sí ní ọjọ́ 13 oṣù Keje ọdún 1934, ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì Aké, níbi tí baba rẹ̀ ti jẹ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, ni ó sì dàgbà sí. Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún ẹni tó fẹ́ dá lọ láti Èkó tàbí láti Ìbàdàn.

OHUN TÍ Ẹ NÍLÒ

- Ìwé Aké, tí Ṣóyínká kọ nípa ìgbà èwe rẹ̀, tí wọ́n sì tẹ̀ jáde ní ọdún 1981. Akínwùmí Ìṣọ̀lá ti túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá. Èyí tó bá wù yín nínú méjèèjì ni kí ẹ mú, ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ ìwé tí a lè ṣí lọ́wọ́, torí pé ojú fóònù kì í ṣeé kà nínú oòrùn.
- Káàdì ìdánimọ̀ tí orúkọ tó wà lára rẹ̀ bá ti tíkẹ́ẹ̀tì yín mu láìyẹ̀.
- Owó lọ́wọ́, kí owó wẹ́wẹ́ pọ̀ nínú rẹ̀, kí ẹ sì pín in sí ọ̀nà méjì: díẹ̀ nínú àpò, ìyókù nínú báàgì.
- Bàtà tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ kì í yọ̀. Sálúbàtà kò dára fún àpáta.
- Aṣọ tó bo èjìká àti orúnkún, nítorí ṣọ́ọ̀ṣì àti ààfin; kí obìnrin mú ìborí dání.
- Omi, fìlà, agbòjò, àti pawa báǹkì tí ẹ ti gba iná sí.
- Ìwé pélébé kan àti bírò.

ÌGBÉSẸ̀ 1: Ẹ MÚ ỌJỌ́ TÓ BÁ ÌLÚ MU

Ọjọ́ ìbí kì í yẹ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ ìrìnàjò lè yẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ kan tàbí méjì, kò sì sí ohun tó burú níbẹ̀. Bí ọjọ́ ìbí yín bá bọ́ sí ọjọ́ Àìkú, ìsìn yóò wà ní ṣọ́ọ̀ṣì Aké ní òwúrọ̀. Ẹ lè bá wọn jọ́sìn, kò sì sí ẹ̀bùn ọjọ́ ìbí tó dára ju ìyẹn lọ fún onígbàgbọ́, ṣùgbọ́n ẹ kò lè máa yí ká inú ọgbà nígbà tí àwọn ènìyàn ń gbàdúrà. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun sí Ọjọ́bọ̀ ni mo fẹ́ràn jù, nítorí pé ẹ ó rí ẹni tí ẹ lè tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọ́fíìsì ṣọ́ọ̀ṣì, èrò kì í sì í pọ̀ ní Olúmọ bí ti òpin ọ̀sẹ̀.

Ohun mẹ́ta máa ń tan àwọn àlejò jẹ níbí. Èkíní ni òjò. Àwọn kan máa ń fẹ́ kí ìbẹ̀wò wọn bọ́ sí ọjọ́ 13 oṣù Keje, tí ó jẹ́ ọjọ́ ìbí Ṣóyínká fúnra rẹ̀; èrò rere ni, ṣùgbọ́n àárín òjò ni, àpáta á máa yọ̀, odò á sì kún. Ẹni tó bá lọ nígbà náà gbọ́dọ̀ mọ̀ pé òun lè má gun Olúmọ dé òkè. Oṣù Kejìlá àti oṣù Kìíní kì í ní òjò, àmọ́ eruku ọyẹ́ lè bo ojú ìlú débi pé ẹ kò ní rí odò láti orí àpáta.

Èkejì ni àjọ̀dún ìwé àti iṣẹ́ ọnà tó ń jẹ́ orúkọ Aké. Abẹ́òkúta ni ó ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2013, ṣùgbọ́n láti ọdún 2018 ni wọ́n ti gbé e lọ sí Èkó. Mo ti pàdé ẹni tó fi ọjọ́ rẹ̀ dúró de àjọ̀dún náà, tó sì gbé báàgì dé Kútọ̀ ní Abẹ́òkúta kí ó tó gbọ́.

Ẹ̀kẹta ni ìṣe ilẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ ayẹyẹ Líṣàbi tí àwọn Ẹ̀gbá máa ń ṣe lọ́dọọdún, hòtẹ́ẹ̀lì a máa kún, ọ̀nà a sì máa dí. Bí Orò bá wà ní àdúgbò kan, obìnrin kò gbọdọ̀ jáde ní wákàtí tí wọ́n bá kéde. Obìnrin tó ń dá lọ gbọ́dọ̀ béèrè èyí lọ́wọ́ ẹni tó ń gbé ìlú, tàbí lọ́wọ́ hòtẹ́ẹ̀lì, ní ọjọ́ mélòó kan ṣáájú.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ ti bá ènìyàn kan tó wà ní Abẹ́òkúta sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ó sì ti sọ fún yín pé kò sí ohun tí yóò dí ọ̀nà ní ọjọ́ náà. Bí ẹ kò bá tíì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, ìgbésẹ̀ yìí kò tíì parí.

ÌGBÉSẸ̀ 2: Ẹ KA ÌWÉ NÁÀ KÍ Ẹ TÓ KÚRÒ NÍLÉ

Ẹni tí kò ka ìwé náà yóò rí ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì bí ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì yòókù. Bí ẹ kò bá ní àyè láti kà á tán, ẹ ka apá mẹ́ta yìí, kí ẹ sì fi ìwé pélébé sí ojú ewé wọn: ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, níbi tí ó ti ṣàpèjúwe ọgbà náà, òkè àti ilẹ̀ rẹ̀, ibi tí ọmọ kékeré náà ti tẹ̀ lé ẹgbẹ́ onífèrè àwọn ọlọ́pàá láti Aké títí ó fi bá ara rẹ̀ ní Ìbarà láì mọ ọ̀nà ilé mọ́, àti apá ìgbẹ̀yìn, níbi tí àwọn obìnrin Ẹ̀gbá, tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ṣíwájú wọn, ti kọ owó orí sílẹ̀ tí wọ́n sì kún iwájú ààfin.

Ẹ ṣọ́ra fún àṣìṣe kan tó wọ́pọ̀ láàárín àwọn tó fẹ́ràn ìwé yìí jù, èmi náà sì wà lára wọn. A máa ń fẹ́ rí ohun gbogbo bí ó ṣe wà nínú ìwé: igi gúrófà, pápá tó gbòòrò, ògiri tó ga. Ojú ọmọdé ni a fi rí wọn nínú ìwé náà, Ṣóyínká fúnra rẹ̀ sì ti kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé ilẹ̀ ọgbà náà ti ṣá, pé kò rí bí ó ṣe rí mọ́ nígbà tí òun padà dé ibẹ̀ lágbà. Nítorí náà, kí ẹ má wá igi. Ẹ wá ìwọ̀n: bí ilé ẹ̀kọ́ ṣe sún mọ́ ilé, bí ṣọ́ọ̀ṣì ṣe sún mọ́ ààfin, bí ọ̀nà ṣe rọra dagun. Ìwọ̀nyí kò tíì yí padà.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ pa ìwé dé, kí ẹ sì fi ẹnu ara yín sọ ìtàn ọmọ tó tẹ̀ lé onífèrè náà fún ẹlòmíràn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

ÌGBÉSẸ̀ 3: ẸSẸ̀ TÍ Ẹ Ó FI DÉ ÌLÚ

Ọkọ̀ ojú irin ni mo máa ń wọ̀. Ọ̀nà irin tuntun láàárín Èkó àti Ìbàdàn jẹ́ kìlómítà 157, ó sì ń dúró ní Abẹ́òkúta. Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì lílọ àti bíbọ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, nítorí pé ẹni tó dá rìn kò ní ẹni tí yóò dúró sórí ìlà fún un nígbà tí ó bá ń gun Olúmọ. Ẹ wo àkókò ọkọ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ fẹ́ rìn gan-an, kí ẹ má gbára lé èyí tí ọ̀rẹ́ yín lò ní ọdún tó kọjá.

Ibi tí àwọn ènìyàn ti ń ṣìnà jù lọ rèé. Orúkọ àwọn ènìyàn pàtàkì ni wọ́n fi sọ àwọn ibùdókọ̀ ojú irin náà. Orúkọ Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti wà lára ti Pápálántò. Ẹni tó bá sì ti ka ìwé náà yóò rò pé, nígbà tí obìnrin náà jẹ́ ará Abẹ́òkúta, Abẹ́òkúta ni òun dé. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìlú mìíràn ni Pápálántò, ẹ ṣì ní ọ̀nà láti lọ. Ládèrin ni ibùdókọ̀ Abẹ́òkúta, orúkọ Ṣóyínká gan-an ni ó sì wà lára rẹ̀. Èmi ti rí arákùnrin kan tó sọ̀kalẹ̀ ní Pápálántò pẹ̀lú páálí kéèkì lọ́wọ́, tó ń wo ọkọ̀ wa bí ó ṣe ń lọ. Ó yẹ kí orúkọ wọ̀nyí jẹ́ ìwúrí fún wa, ṣùgbọ́n ẹ ka orúkọ ìlú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí ẹ tó dìde.

Láti Ládèrin, ẹ kò tíì dé àárín ìlú. Kẹ̀kẹ́ Márúwá àti takisí wà níta; ẹ ná owó kí ẹ tó wọlé, kí ẹ sì sọ bóyá ẹ̀yin nìkan ni ó fẹ́ gbé tàbí yóò kó èrò mìíràn. Ẹ má kàn sọ pé “ẹ gbé mi lọ sí ìlú.” Ẹ sọ pé “Aké, ṣọ́ọ̀ṣì Pétérù Mímọ́.”

Ẹni tó bá fẹ́ wọ bọ́ọ̀sì láti Èkó lè gba Ṣáńgò Ọ̀tà àti Ìfọ̀, tàbí kí ó gba òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn kí ó yà ní ìhà Ṣágámù. Ẹ wọ ọkọ̀ nínú gáréèjì, ẹ má wọ ọ́ lójú títì, pàápàá ní kùtùkùtù. Ní ọdún kan, awakọ̀ kan já mi sílẹ̀ ní ẹ̀bá ìlú, ó ní ọkọ̀ òun kò wọ inú mọ́ ní ọjọ́ náà, mo sì tún san owó mìíràn. Láti ìgbà náà, mo máa ń béèrè ibi tí ọkọ̀ yóò parí sí ṣáájú kí n tó sanwó.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ní aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ tàbí kó tó lu aago mẹ́wàá, ẹ wà ní Aké. Tíkẹ́ẹ̀tì ìpadàbọ̀ wà lọ́wọ́ yín. Ènìyàn kan nílé mọ orúkọ ibi tí ẹ wà àti aago tí ẹ ó tún pè. Bí ẹ bá pẹ́ dé ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ yọ Ìgbésẹ̀ 6 kúrò, ẹ má yọ Aké.

ÌGBÉSẸ̀ 4: AKÉ

Ẹ má tíì yọ fóònù. Ẹ kọ́kọ́ kí ènìyàn. Ẹ wá ọ́fíìsì ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, ẹ kí i bí a ṣe ń kí àgbà, ẹ sọ orúkọ yín, ibi tí ẹ ti wá, kí ẹ sì sọ pé ẹ ka ìwé nípa ọgbà yìí, ẹ sì fẹ́ tọrọ àyè láti wò ó. Ẹ sọ pé ọjọ́ ìbí yín ni. Èyí ṣe pàtàkì ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ẹni tó dá rìn, tó ń wo ògiri tó sì ń kọ nǹkan sínú ìwé, máa ń kọ àwọn ènìyàn lóminú. Ẹni tó sọ pé òní ni wọ́n bí òun, àdúrà ni yóò gbà. Wọ́n tún lè bi yín pé ẹbí yín dà, tàbí ṣé kò sí nǹkan. Ẹ má bínú sí i. Ní ilẹ̀ wa, a kì í fẹ́ kí ènìyàn dá yọ̀, inú rere ni ìbéèrè náà ti wá.

Ṣọ́ọ̀ṣì Pétérù Mímọ́ yìí ni a mọ̀ sí ṣọ́ọ̀ṣì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ẹ wọ inú rẹ̀ bí wọ́n bá fún yín láyè, kí ẹ jókòó fún ìgbà díẹ̀, kí ẹ tó jáde wá wo ilẹ̀ ọgbà. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá ibi ìbòòji, kí ẹ ṣí ìbẹ̀rẹ̀ ìwé náà, kí ẹ sì kà á láìkánjú níbẹ̀.

Ibi tí mo jókòó sí ní ọdún tí ètò mi kọ́kọ́ bọ́ sí i, ẹ̀gbẹ́ ògiri kan ni, lórí òkúta tí oòrùn kò tíì dé. Ìyá alákàrà kan wà nítòsí, ó ń fi ṣíbí gún àkàrà nínú epo láti mọ̀ bóyá ó ti jinná. Ó wò mí títí, ó ní, “Ọmọ mi, ìwé kí lo ń kà níta báyìí?” Mo ní, “Mà, ìtàn ọmọ kan tó gbé inú ọgbà yìí ni. Òní sì ni ọjọ́ ìbí mi.” Ó fi ṣíbí sílẹ̀, ó nu ọwọ́ rẹ̀ sára ìró, ó ní, “Wàá ṣe ọ̀pọ̀ ọdún láyé. Ọdún tó ń bọ̀, o ò ní dá wá.” Ó wá wé àkàrà mẹ́ta fún mi, ó kọ̀ láti gbowó. Nígbà tí mo padà sójú ìwé, àmì epo ìka mi wà lórí rẹ̀. Ó ṣì wà níbẹ̀ di òní.

Lẹ́yìn èyí, ẹ rìn lọ sí iwájú ààfin Aláké, ọba Ẹ̀gbá, tí kò jìnnà rárá. Ẹ dúró níta, kí ẹ ka apá tó sọ nípa àwọn obìnrin. Níwájú ààfin yìí ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn kóra jọ sí ní ìparí àwọn ọdún 1940, títí Aláké Adémọ́lá Kejì fi kúrò lórí oyè ní oṣù Kìíní ọdún 1949. Bí ẹ bá fẹ́ wọ inú, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn ẹ̀ṣọ́, ẹ ṣí fìlà bí ẹ bá jẹ́ ọkùnrin, kí ẹ sì máa ṣe ohun tí wọ́n bá ní kí ẹ ṣe. Kí ẹ má ya fọ́tò láìgbàyè. Bí wọ́n bá ní kò sí àyè lónìí, ẹ dúpẹ́ kí ẹ máa lọ. Ohun tí ìwé náà sọ, iwájú ààfin ni ó ti ṣẹlẹ̀.

Ìkìlọ̀: àwọn kan máa ń ní kí ọlọ́kọ̀ gbé àwọn lọ sí ilé tí Ṣóyínká ń gbé. Ẹ má ṣe é. Ilé àgbàlagbà ni, kì í ṣe ibi ìbẹ̀wò, ẹnikẹ́ni kò sì pè yín síbẹ̀.

Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ le tún lè tọ ọ̀nà ọmọ náà láti Aké lọ sí Ìbarà. Kẹ̀kẹ́ ni kí ẹ fi lọ bí oòrùn bá ti mú. Bí ẹ bá rí bí ọ̀nà náà ṣe gùn tó fún ẹsẹ̀ ọmọ kékeré, ẹ ó mọ ìdí tí gbogbo ilé fi dàrú ní ọjọ́ náà.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ lè dúró sí ibì kan kí ẹ fi ìka tọ́ka sí ilé ẹ̀kọ́, ṣọ́ọ̀ṣì àti ọ̀nà ààfin láì bi ẹnikẹ́ni. Ẹ sì ti bá ó kéré tán ẹni méjì sọ̀rọ̀.

ÌGBÉSẸ̀ 5: OLÚMỌ

Ẹ dé ibẹ̀ kí aago méjìlá tó lù. Ẹ san owó ní ẹnu géètì nìkan, kí ẹ gba rìsíìtì. Ẹnikẹ́ni tó bá tún béèrè owó fún “àyè ìgùnkè,” ẹ fi rìsíìtì hàn án. Amọ̀nà wà níbẹ̀, mo sì gba ẹni tó dá lọ nímọ̀ràn pé kí ó mú ọ̀kan, kì í ṣe nítorí ìtàn nìkan, bí kò ṣe nítorí pé ẹni tó bá yọ̀ lórí òkúta láì sí ẹlòmíràn nítòsí wà nínú ewu. Àwọn ayàwòrán náà yóò wá bá yín. Bí ẹ kò bá fẹ́, ẹ tètè sọ. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ ná iye owó àti iye àwòrán kí ó tó yọ kámẹ́rà rẹ̀.

Ẹ má fi ẹ̀rọ agbéniròkè sọ́kàn nígbà tí ẹ bá ń ṣètò, nítorí pé kì í fi gbogbo ìgbà ṣiṣẹ́. Àtẹ̀gùn ni kí ẹ múra fún. Lójú ọ̀nà ni ẹ ó ti rí abẹ́ àpáta tí àwọn Ẹ̀gbá fi ṣe ilé nígbà ogun, lẹ́yìn tí wọ́n tẹ ìlú náà dó ní ọdún 1830, pẹ̀lú ihò tí wọ́n ti ń lọ nǹkan lára òkúta. Ẹ ti ọwọ́ bọ ọ̀kan bí amọ̀nà bá ní kò burú. Ó dán bí inú abọ́. Ojúbọ wà níbẹ̀ pẹ̀lú, àwọn ìyá àgbà sì ń bẹ nídìí rẹ̀. Ẹ kúnlẹ̀ tàbí kí ẹ dọ̀bálẹ̀ kí wọn, ẹ má fọwọ́ kan ohunkóhun.

Orí òkè, tó ga ní mítà 137 sí ojú òkun, ni iṣẹ́ gan-an wà. Kí ẹ tó ya fọ́tò kankan, ẹ wá òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì tí ẹ ti kúrò. Ẹ jẹ́ kí amọ̀nà ràn yín lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, ẹ tọ ojú yín lórí páànù pupa wọ̀nyẹn títí ẹ ó fi rí ibi tí odò gbé ń kọ yànrànyànràn. Ẹ yà á sínú ìwé yín: àmì kan fún Aké, àmì kan fún ibi tí ẹ dúró, ìlà kan fún odò. Kò pọn dandan kí ó rẹwà.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: àwòrán yẹn wà lọ́wọ́ yín, ẹ sì ti sọ̀ kalẹ̀ kí oòrùn tó mú òkúta gbóná débi tí ọwọ́ kò fi gbà á.

ÌGBÉSẸ̀ 6: OÚNJẸ ÀTI AṢỌ

Kò pọ̀ níbí. Ẹ jẹ làfún pẹ̀lú ewédú àti ọbẹ̀ ata, nítorí pé oúnjẹ Ẹ̀gbá ni, tàbí kí ẹ jẹ ìrẹsì Ọ̀fadà bí làfún kò bá bá yín lára mu. Ìtòkú kò jìnnà sí Olúmọ, ibẹ̀ sì ni ọjà àdìrẹ wà. Bí ẹ bá fẹ́ ra ẹ̀bùn ọjọ́ ìbí fún ara yín, aṣọ ni kí ẹ rà.

Ayédèrú tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ wà nínú ọjà. Ẹ yí aṣọ náà padà: bí ẹ̀yìn rẹ̀ bá funfun ju ojú rẹ̀ lọ gan-an, ẹ̀rọ ni. Ẹ fi ojú tọ ọnà kan láti etí dé etí: ọwọ́ ènìyàn kì í ṣe ọnà méjì tó dọ́gba láìkù síbì kan. Ẹ béèrè iye ọ̀pá tó wà nínú ìdì, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n nà án lójú yín.

ÌGBÉSẸ̀ 7: ODÒ ÒGÙN

Ẹ lọ sí ìhà Láfẹ́ńwá ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, nígbà tí oòrùn bá ti rọ̀. Ẹ má dúró di aago mẹ́fà, nítorí pé súnkẹrẹ-fàkẹrẹ orí afárá nígbà náà lè jẹ́ kí ẹ pàdánù ọkọ̀ ìpadàbọ̀. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ kí ẹ tó dé afárá, kí ẹ rìn lọ sí etí rẹ̀ ní ibi tí àwọn ẹlẹ́sẹ̀ ń gbà, kí ẹ fi báàgì síwájú àyà, kí ẹ sì fi fóònù sínú rẹ̀. Ariwo wà níbẹ̀, ọkọ̀ ńlá ń kọjá, èéfín ń rú. Ẹni tó ń retí etídò tó dákẹ́ rọ́rọ́ pẹ̀lú àga àti tábìlì yóò rò pé òun ṣìnà. Ẹ kò ṣìnà. Odò ìlú ni, ó ń bá ìlú ṣiṣẹ́.

Ẹ fún un ní ogún ìṣẹ́jú. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi a máa fà débi pé àpáta a yọrí láàárín rẹ̀, irú àpáta kan náà tí ẹ gùn láàárọ̀. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti rí i pé Olúmọ kò dá dúró, orí òkúta ni gbogbo ìlú náà wà. Nígbà òjò, omi á pọ́n bí àmọ̀, á sì máa gbé igi lọ.

Ẹ pe orúkọ rẹ̀ dáadáa. Ògùn ni odò, kì í ṣe Ògún tó ni irin, kì í sì í ṣe oògùn tí a ń lò. Láti ìhà Ṣakí ni ó ti ń ṣàn bọ̀, inú ọ̀sà Èkó ni ó sì ń lọ. Yemọja ni àwọn àgbà so ó mọ́, ìyá kan náà tí wọ́n ṣì ń kọrin fún ní Kúbà àti ní Bràsíl láti ẹnu àwọn ọmọ tí wọ́n kó lọ lẹ́rú. Nígbà tí mo bá dúró níbẹ̀ ní ọjọ́ ìbí mi, èyí ni mo máa ń rò jù: pé ìwọ̀nba omi tó ń kọjá lábẹ́ ọkọ̀ elépo yìí ni ọmọ ènìyàn gbé orúkọ rẹ̀ sọdá òkun ńlá, tí kò sì sọ ọ́ nù.

Ìkìlọ̀ tó le jù nínú gbogbo ìwé yìí rèé: ẹ má wọ odò, ẹ má sì sọ̀ kalẹ̀ lọ sí bèbè rẹ̀ ní ẹ̀yin nìkan láti ya fọ́tò, bó ti wù kí ó dà bí ẹni pé omi náà kò jìn. Ìdídò (dáàmù) Ọ̀yán wà lókè, wọ́n sì máa ń tú omi sílẹ̀ láti inú rẹ̀. Omi lè kún láìjẹ́ pé òjò rọ̀ níbi tí ẹ wà. Bí ẹ bá fẹ́ fún odò ní nǹkan nítorí ẹ̀sìn yín, ẹ bá àwọn ará ibẹ̀ sọ̀rọ̀ kí wọ́n mú yín lọ.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ wo àwòrán tí ẹ yà lórí àpáta, kí ẹ wá Olúmọ lójú ọ̀run láti ibi tí ẹ dúró, kí ẹ sì fi àmì kẹta sí orí ìlà odò náà.

ÌGBÉSẸ̀ 8: ÌPADÀBỌ̀

Ẹni tó bá fẹ́ sùn, kí ó wá hòtẹ́ẹ̀lì ní ìhà Ìbarà, Kútọ̀ tàbí Òkè-Ìlẹ́wó, kí ó rí yàrá náà kí ó tó sanwó, kí ó dán kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn wò láti inú, kí ó sì wọlé kí ilẹ̀ tó ṣú. Kí ó má sọ fún ọlọ́kọ̀ pé òun dá wá.

Ẹni tó bá ń padà lọ́jọ́ náà, kí tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ jẹ́ ti ọkọ̀ tó kẹ́yìn lọ́jọ́ náà, kí ó sì ti wà ní ibùdókọ̀ ní wákàtí kan ṣáájú. Bí ọkọ̀ tó kẹ́yìn bá ń tètè kọjá jù, ẹ gbé Ìgbésẹ̀ 7 síwájú Ìgbésẹ̀ 6, kí ẹ ra oúnjẹ sínú ike. Nígbà tí ẹ bá ń wọ kẹ̀kẹ́, ẹ má sọ pé “ibùdókọ̀ ojú irin” lásán, nítorí pé ibùdókọ̀ àtijọ́ wà ní Láfẹ́ńwá níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ọlọ́kọ̀ sì ni yóò kọ́kọ́ rò ó. Ẹ sọ pé “Ládèrin, ti tuntun,” kí ẹ jẹ́ kí ó tún un sọ fún yín kí ó tó gbéra.